Túùbù Tí Oníke Yóò Rà: Yíyan Túùbù fún Ìpara àti Ọṣẹ Olómi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpara òrí, ọṣẹ dúdú olómi tàbí ìpara ojú, tí ẹ sì fẹ́ máa rọ ọjà yín sínú túùbù, ẹ má tíì wo ìwé ẹni tó ń ta túùbù. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń ra ike àlòkù ládùúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń fowó rà.

Ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ohun tí yóò kà sílẹ̀ fún yín kò ní jìnnà sí èyí: ìgò omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí í ṣe PET, náílọ́nù omi tútù; kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ike líle, tí í ṣe HDPE; àga àti abọ́ fífọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ PP, àti alumíníọ̀mù. Kò ní dárúkọ túùbù. Ohun tó ti rí nínú túùbù ni kò jẹ́ kó fẹ́ ẹ: ike lóde, ike nínú, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín, ọmọrí tó jẹ́ ike mìíràn, àti ìpara tó kù sínú rẹ̀ tó ń rùn. Iṣẹ́ ẹni tó ń yan túùbù ni pé kí tirẹ̀ jọ ọ̀kan nínú ohun tí oníke yẹn ti ń rà tẹ́lẹ̀, kó jọ ọ́ nínú, kó sì jọ ọ́ lóde.

Àmì ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn kiri kò dáhùn ìbéèrè yìí. Nọ́ńbà inú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1988, irú ike tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń sọ. 1 ni PET, 2 ni HDPE, 4 ni LDPE, 5 ni PP, 7 sì ni àdàlù tàbí ike mìíràn tí kò sí nínú àwọn tó ṣáájú. Túùbù tó bá ní 7 lára, ẹ kà á sí èyí tí yóò parí sí ààtàn.

Ohun tó wà nínú ara túùbù

Túùbù ní ẹnu, ọrùn, èjìká, ara àti ìdí. Ẹnu ni ìpara ti ń jáde, ìdí sì ni ibi tí wọ́n ń rọ ìpara gbà wọlé kí wọ́n tó dì í pa. Ara ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yà kan tó ti pẹ́ lára túùbù ọṣẹ ìfọyín ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ABL. Ó ní alumíníọ̀mù tín-ínrín láàárín, tó sábà máa ń tó 12 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdá 12 nínú 1,000 mìlímítà kan, tí ike sì bò ó níwá lẹ́yìn. Alumíníọ̀mù yẹn ń ṣiṣẹ́ gidi: kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò sì jẹ́ kí òórùn jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó ń lọ ike ládùúgbò tó lè bó o kúrò lára ike. Bí wọ́n bá dà á mọ́ HDPE tí wọ́n sì yọ́ ọ, irin wẹ́wẹ́ yóò dí asẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró láti pààrọ̀ asẹ́, hóró ike tó bá jáde á sì máa ní àbàwọ́n. Oníke tó bá ti jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba túùbù mọ́ láé, kódà kó jẹ́ èyí tó dára.

PBL tẹ̀ lé e. Ike ni gbogbo rẹ̀, ike tín-ínrín kan tí wọ́n ń pè ní EVOH ló sì rọ́pò alumíníọ̀mù láti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Bí ara tó kù bá jẹ́ PE (orúkọ ìdílé HDPE àti LDPE), tí EVOH náà sì kéré, ó lè bá PE yòókù wọ ẹ̀rọ. Bí EVOH bá pọ̀ jù, ike tí wọ́n yọ́ á máa ní kókó àti àwọ̀ ìyeyè. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ni pé ìdá mélòó nínú 100 ìwúwo túùbù ni EVOH. Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò mọ ohun tó ń tà.

Ẹ̀kẹta ni túùbù PE kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ fà jáde bíi páìpù, tí wọ́n wá mọ èjìká mọ́ ọn. Ara rẹ̀ máa ń nípọn tó 0.4 sí 0.5 mìlímítà. Èyí ni a máa ń kọ́kọ́ dábàá fún àwọn tó ń ṣe ọjà níwọ̀nba. Ẹ̀kẹrin ni túùbù alumíníọ̀mù gidi, a ó sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé HDPE le jù fún túùbù, pé kò ní ṣeé fún. Òótọ́ ni bí ó bá nípọn bí ìgò. Ní 2019, Colgate gbé túùbù ọṣẹ ìfọyín kan jáde tó jẹ́ HDPE, APR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ́ ike ní Àríwá Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i pé ó lè bá ìgò HDPE wọ ẹ̀rọ kan náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to oríṣi HDPE tí líle wọn yàtọ̀ sí ara wọn ní ìpele, wọ́n sì dín ìnípọn wọn kù títí tí ọwọ́ fi lè fún un. Wọ́n tún fi ọgbọ́n náà han àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń du ọjà, nítorí pé túùbù kan tó dára láàárín ẹgbẹ̀rún tí kò dára kò lè yí ọkàn ẹni tó ń ṣa ike padà. Láti ìgbà náà ni irú túùbù bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe túùbù.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé ìdáná

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gba túùbù òfìfo mẹ́ta pẹ̀lú ọmọrí wọn, kí ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ fi ìka méjì tẹ ara rẹ̀ pọ̀ gidigidi, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Túùbù alumíníọ̀mù á dúró bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. ABL á padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ tẹ̀ á hàn. PE á padà sípò rẹ̀.

Ẹ fi bíléèdì là á láti ìdí dé ọrùn, kí ẹ gbé etí ibi tí ẹ là sójú oòrùn. Ìlà tó ń dán bíi fàdákà láàárín ike funfun méjì kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn kan máa ń ní ìdán fàdákà lóde nìkan, èyí tó jẹ́ pé ọ̀dà ni, tí irin kò sí láàárín; ẹ ha á pẹ̀lú èékánná, kí ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹ̀là kékeré kan láti ara, ọ̀kan láti èjìká, ọ̀kan láti ọmọrí. Ẹ sàmì sí wọn lára. Ẹ bu omi sínú ife tó mọ́ gaara, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ike náà, kí ẹ sì fi ìka tẹ ẹ̀là kọ̀ọ̀kan wọnú omi. Èyí tó bá tún léfòó, PE tàbí PP ni, nítorí pé mìlílítà kan wọn kò wúwo tó gíráàmù 1. Èyí tó bá rì lè jẹ́ PET, tí mìlílítà kan rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 1.38, ó lè jẹ́ PVC, ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ó sì lè jẹ́ PE tí wọ́n da ẹfun pọ̀ mọ́ jù kó lè dínwó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú adágún tí wọ́n fi ń fọ ike nílé iṣẹ́: èyí tó bá léfòó ni wọ́n ń kó, èyí tó bá rì ń bá ìdọ̀tí lọ. PE olówó pọ́ọ́kú tó kún fún ẹfun yóò bá ìdọ̀tí lọ bó tilẹ̀ ní àmì 2 lára.

Ẹ nu àwọn tó léfòó gbẹ, kí ẹ jù wọ́n sínú òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà. PP á léfòó nínú òróró, nítorí gíráàmù 0.90 ni mìlílítà kan rẹ̀, tó fúyẹ́ ju ti òróró lọ. HDPE, tí í ṣe 0.95, á rì. LDPE wà nítòsí 0.92, nítorí náà ó lè máa fì láàárín, tàbí kó rì díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ike lè mú kó wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kì í sábà tan èèyàn jẹ lórí ọmọrí, ọmọrí ló sì wúlò fún jù.

Àwọn kan máa ń fi iná sun ún láti fi òórùn mọ̀ ọ́n. PE ń rùn bí àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ PVC ni, èéfín rẹ̀ jẹ́ ásíìdì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, omi àti òróró tó.

Ohun tí ẹ fẹ́ rọ sínú rẹ̀ ló máa pinnu

Túùbù tó ṣeé yọ́ tún lò tó sì ń jò lórí àtẹ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, torí ọjà tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ òfò tó ju túùbù fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú olómi. Eérú tí wọ́n fi ń sè é mú kí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí 7 jẹ́ àárín rẹ̀, tí ohun kíkan wà nísàlẹ̀, tí ohun eléérú sì wà lókè, sábà wà láàárín 9 sí 10. Alumíníọ̀mù kò fara da ohun tó ju nǹkan bí 8.5 lọ, kò sì fara da ohun tó kéré sí nǹkan bí 4.5. Bí ẹ bá rọ ọṣẹ dúdú sínú túùbù alumíníọ̀mù tí fáníṣì inú rẹ̀ ti ha níbì kan, ọṣẹ náà á máa jẹ irin, afẹ́fẹ́ háídírójìn á máa jáde, túùbù á wú, lẹ́yìn náà ó máa lu. Nítorí náà ẹ má fi ọṣẹ dúdú sínú alumíníọ̀mù. Inú PE ni ibùgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n PE náà ní ọ̀tá kan nínú ọṣẹ. Ike tí wọ́n tẹ̀ tàbí tí wọ́n ká, tí omi ọṣẹ sì ń bá a gbé, máa ń sán láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Omi lásán kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Èròjà tó ń mú ọṣẹ hó ló ń wọ ojú ibi tó ti fẹ́ sán, tó ń là á. Ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni abẹ́ èjìká àti igun méjèèjì ìdí túùbù. Oríṣi HDPE tó máa ń ṣàn jù nígbà tó bá yọ́ ló tètè ń sán. Èyí tí wọ́n pò mọ́ LLDPE, tí í ṣe oríṣi PE mìíràn, ń fara dà á dáadáa. Ẹ rọ ọjà yín sínú túùbù 10, ẹ dojú wọn dé, kí ẹ tò wọ́n sínú ohun tó gbóná tó 50 °C fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ kò bá ní àpótí ìdánwò, ẹ kó wọn sínú mọ́tò tí ẹ tì pa sínú oòrùn ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Kò péye, ṣùgbọ́n ó máa ń tú àṣírí.

Ìpara òrí kò ní wàhálà pH, ìgbóná ni tirẹ̀. Òrí ń rọ̀ nígbà tí ooru bá súnmọ́ ti ara èèyàn. Inú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Kánò, á di omi pátápátá, bí ọmọrí kò bá sì dí dáadáa, á jò. Bó bá tún wá dì díẹ̀díẹ̀, á di hóró hóró, hóró yẹn ló sì ń dí ẹnu túùbù. Ẹ yan ẹnu tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 sí 8 fún ìpara tó nípọn, 2 tàbí 3 sì tó fún ọṣẹ olómi. Òróró tún máa ń wọ inú LDPE díẹ̀díẹ̀: ara túùbù á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ohun tí ẹ tẹ̀ sí i lára á máa ṣí. HDPE ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìpara tí òróró àgbọn tàbí òrí pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má ra LDPE nítorí pé ó rọ̀ lọ́wọ́.

Ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù tàbí òróró ewé olóòórùn lọ́rọ̀ tirẹ̀. PE kì í jẹ́ kí omi jáde, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí òórùn jáde, ó sì ń jẹ́ kí ọ́síjìn wọlé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìpara náà kò ní ta mọ́. Ibí ni alumíníọ̀mù ti wúlò, bí pH ìpara náà bá wà láàárín 4.5 sí 8.5. Kò sí ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí ẹ bá sì fún un, kì í padà sípò, nítorí náà kì í fa afẹ́fẹ́ wọlé. Túùbù PE máa ń mí: gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún un tí ẹ sì fi sílẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti kòkòrò tó wà lẹ́nu rẹ̀ padà sínú. Fún ìpara Vitamin C tàbí retinol, ẹ lo PE tó ní EVOH díẹ̀, kí ẹ sì rántí pé EVOH kì í dí afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́ nígbà tí omi bá ti rin ín. PE gbọ́dọ̀ bò ó níwá lẹ́yìn.

Alumíníọ̀mù tún ní oníbàárà nílẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù, tí Ṣakí fi gbajúmọ̀, mọ iye rẹ̀. Àmọ́ túùbù tín-ínrín tí wọ́n jù sínú iná ní ẹyọ ẹyọ, ìdàrọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dà. Ẹ gbọ́dọ̀ là á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọmọrí ike kúrò, kí ẹ sì tẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ di ìṣù kí ó tó wọ ìkòkò ìyọ́rin.

Ọmọrí

Ìṣirò yìí á yà yín lẹ́nu. Túùbù tó fẹ̀ ní mìlímítà 35, tó gùn ní 130, tó sì nípọn ní 0.45, ara rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 6. Fi gíráàmù 1.5 kún un fún èjìká. Ọmọrí àṣípadé tó bá a mu lè tó gíráàmù 5. Ìyẹn ni pé ìdá 40 nínú 100 gbogbo ike tí ẹ ń tà fún oníbàárà wà nínú ọmọrí, PP sì ni ọmọrí àṣípadé máa ń jẹ́, torí pé PP ni ike tí ìdè rẹ̀ lè ṣí kó sì padé lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láì já.

PP àti PE jọ ń léfòó, nítorí náà omi kò lè yà wọ́n. Bí PP bá pọ̀ nínú PE tí wọ́n yọ́, ike tó bá jáde á máa ṣẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe pín sí mẹ́ta. Ẹ lè ra ọmọrí àṣípadé HDPE. Ó ti wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i kí ẹ sì pa á dé nígbà 200 kí ẹ tó gbà á. Ẹ lè lo ọmọrí HDPE tí wọ́n ń yí, èyí tí kò nílò ìdè, tó fúyẹ́, tó sì dínwó. Bí kò bá sì sí àfi PP, ẹ rí i pé ó ṣeé yí kúrò pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí ẹ kọ ọ́ sára túùbù pé kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọrí tí wọ́n fi agbára tẹ̀ mọ́ ọrùn láìṣeé yọ ló burú jù nínú PP. Àwa fara mọ́ èyí tí wọ́n ń yí. Àwọn oníṣòwò ń sọ pé oníbàárà kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín tó wà nílé gbogbo wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ṣì ń yí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà alumíníọ̀mù kékeré tí wọ́n fi ń dí ẹnu túùbù tuntun. Bí oníbàárà bá ṣí i kúrò pátá, kò sí ìṣòro. Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu ọmọrí lu, tí ó ṣì kù lẹ́nu túùbù, ẹ yẹra fún un.

Àwọ̀, ìwé àlẹ̀mọ́ àti títẹ̀

Ike funfun tàbí èyí tí kò ní àwọ̀ ló níye lórí jù lọ́jà àlòkù, torí a lè pò ó di àwọ̀ tó wù wá. Dúdú ló rẹlẹ̀ jù. Nílẹ̀ Yúróòpù ó tún burú sí i: ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń dá ike mọ̀ kì í rí ike tí wọ́n fi èédú carbon black pa láró, ẹ̀rọ náà á sì ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Títẹ ọ̀rọ̀ sára túùbù tààrà ló dára jù. Bí ọjà yín kò bá tíì tó iye tí wọ́n ń bèèrè, tó sábà máa ń jẹ́ 5,000 sí 10,000 túùbù fún títẹ̀, ẹ ra túùbù funfun lásán kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ìwé náà jẹ́ PE bíi ti túùbù. Ìwé bébà máa ń tú sínú omi, á di òwú, á sì wọnú ike. Náílọ́nù PVC tó ń fún mọ́ ara ni kí ẹ má ṣe lò rárá.

Rírọ àti dídì

Ìwọ̀n: túùbù kò gba tó ohun tí ojú rò, nítorí pé ìdí rẹ̀ á pẹlẹbẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀ bíi páìpù, kí ẹ sì mú nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀. Túùbù tó fẹ̀ ní mìlímítà 40 tó sì gùn ní 130 á gba mìlílítà 100, á sì ṣẹ́ku àyè fún dídì. Ẹ rántí pé mìlílítà 100 ìpara olóròóró kì í tó gíráàmù 100. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ iye sí i lára.

Ẹ rọ òrí nígbà tó bá ti tutù dé 40 sí 45 °C. Èyí tó gbóná ju 60 lọ á jẹ́ kí ara túùbù ká. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sílẹ̀ lókè, kí ìpara má kan ibẹ̀ rárá, torí pé òróró ló sábà ń jẹ́ kí ìdí túùbù ṣí.

Máṣìnnì kékeré tí a fi ń dì náílọ́nù kì í ṣe ti túùbù. Ìpele méjì tó jẹ́ 0.45 ti di 0.9 mìlímítà, máṣìnnì yẹn sì ń gbóná láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: ẹ̀gbẹ́ kan á jóná, èkejì kò ní tíì yọ́. HDPE ń yọ́ ní nǹkan bí 130 °C, LDPE ní nǹkan bí 110. Ẹ wá èyí tó ń gbóná níwá lẹ́yìn, tàbí èyí tó ń fi ìgbọ̀n ohùn dì í, tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní 20 kHz. Òun tilẹ̀ ń fara da ìpara díẹ̀ tó bá ti ta síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í, ẹ fi ọwọ́ fún un gidigidi. Ẹ tún wọn túùbù 10, ẹ kọ ìwúwo wọn sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èyí tó bá ń fúyẹ́ ń jò, bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Ṣé túùbù náà á padà wá?

Gíráàmù 12.5 ni túùbù wa òkè yìí pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Túùbù 80 ló máa pé kílò kan. Kò sí oníbàárà kan tó máa kó 80 jọ, kò sì sí ẹni tó ń ṣa ike lórí ààtàn tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí gíráàmù 12. Ní àwọn ìlú tí ẹ̀rọ ti ń to ìdọ̀tí, ohun tó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 5 lóròó àti níbùú máa ń bọ́ sínú ihò asẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúkò: garawa kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá dá túùbù 5 padà, kí ẹ sì kó o fún oníke nígbà tó bá pé àpò.

Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ ní Yorùbá tó yéni: “Tó bá tán, fi àlùmọ́gàjí gé ìdí rẹ̀, fi omi ṣan inú rẹ̀, yọ ọmọrí, dá a padà.” Gígé yẹn ṣe pàtàkì. Ìpara tó kù ń ba omi ìfọke jẹ́, ọṣẹ tó kù sì ń mú adágún hó débi pé ike kò ní lè yà sọ́tọ̀. Oníbàárà náà á tún rí ìpara ọjọ́ méjì sí mẹ́ta he. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó ya àwòrán, torí pé orúkọ ọjà, àdírẹ́sì, èròjà, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele, ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n á fi tà á fún yín: Ike “tó ń jẹrà fúnra rẹ̀” nítorí èròjà oxo, ẹ kọ̀ ọ́; fífọ́ wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, ó sì ń ba ike mìíràn jẹ́ tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀. Yúróòpù ṣòfin láti dè é ní 2019, ìfòfindè náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Túùbù “bébà” sábà máa ń jẹ́ bébà tí ike wà nínú rẹ̀. Bébà kò gbà á, ike kò gbà á. PE tí wọ́n fi ìrèké ṣe, tí Braskem ń ṣe ní Brazil láti 2010, PE gidi ni. Ó ń bá PE yòókù wọ ẹ̀rọ láìsí wàhálà, owó rẹ̀ nìkan ló ga.

Fún àwọn tó ń kó ọjà lọ sí Yúróòpù, òfin (EU) 2025/40, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 2026, ní kí gbogbo ohun tí wọ́n fi ń di ọjà ṣeé yọ́ tún lò tó bá di 2030. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí RecyClass, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń yẹ ike wò ní Yúróòpù bóyá ó ṣeé yọ́ tún lò, tàbí ti APR lọ́wọ́ ẹni tó ń ta túùbù, kí orúkọ túùbù tó wà nínú ìwé sì bá èyí tí ẹ ń rà mu, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nǹkan wọ̀nyí ní kíkọ sílẹ̀: irú ike ara, èjìká àti ọmọrí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù, ìdá EVOH, bóyá ẹfun wà nínú rẹ̀, àti túùbù òfìfo 50 láti ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n máa fi ṣe tiyín. Nínú 50 náà, ẹ fi 10 fún ooru, 10 fún ìwúwo, ẹ pín 20 fún àwọn tó máa lò ó nílé, kí ẹ sì kó èyí tó kù lọ fún oníke tí ẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sọ bóyá á rà á.